Níbi tó ti fọ́ gan-an: lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ tí ọkàn yín gbọgbẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mi ò ní béèrè bóyá ara le, nítorí ẹni tí mo ń kọ̀wé sí gan-an kì í fi òtítọ́ dáhùn ìbéèrè yẹn. Ẹ ó ní, "Dáadáa ni, ẹ ṣé," ẹ ó sì yára gbé ojú síbòmíràn. Mo mọ ìdáhùn yẹn dáadáa. Òun lèmi náà ń fún àwọn èèyàn fún nǹkan bí ọdún méjì, nígbà tí kò sí ohunkóhun tó dáa nínú ayé mi.

Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ìwọ tí o máa ń jí ní aago mẹ́ta òru tí oorun kì í padà wá mọ́. Ìwọ tí o ṣe ohun tí o ò lè rò fún ìyá rẹ. Ìwọ tí ẹni tí o fẹ́ràn kú, tí gbogbo ayé ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn, tó wá ku ìwọ nìkan nídìí òkú. Ìwọ tí àìsàn ti sọ di ẹni tí wọ́n ń gbé, ní ọjọ́ orí tó yẹ kí o máa gbé ẹlòmíràn. Àti ìwọ tí o ṣì ń lọ sílé ìjọsìn, tí ò ń pàtẹ́wọ́, tí ò ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n tí inú rẹ dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀.

Mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n ń pè mí ní bàbá káàkiri, wọ́n sì máa ń fi mí ṣíwájú àdúrà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe fún yín, kí ẹ má baà rò pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ẹrẹ̀ rí ló jókòó sórí àga tó ń gba yín nímọ̀ràn.

Ọmọ ọdún 41 ni mí nígbà tí mo jẹ́ akápò ẹgbẹ́ kan. Òwò tí mò ń ṣe ti ń rì. Mo mú nínú owó ẹgbẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì fọkàn ara mi balẹ̀ pé kí oṣù tó parí, n ó ti dá a padà. Oṣù parí. Mo tún mú òmíràn láti fi dí ihò ti àkọ́kọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sídìí tábìlì, mo ṣí ìwé ìṣirò, mo sì sọ 1 kan di 7 nínú iye tí a kọ pé a ná. Kò gbà ju kí n fa ìlà tín-ín-rín kan sí i lórí lọ. Mo ṣì ń rí i báyìí: íǹkì bírò tí mo fi fa ìlà náà dúdú díẹ̀ ju èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo wá fi ọmọńdinrín ìka mi nù ún kí méjèèjì lè bára mu, ló bá tún fẹ̀ sí i. Mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kó gbẹ. Mo pa ìwé dé.

Ohun tó ń já mi láyà títí dòní ni pé mo gbàdúrà kí n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àdúrà gidi, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú orin.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, àṣírí tú. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò kò pariwo rárá. Ó kàn gbé ìka lé 7 yẹn, ó gbójú sókè wò mí, mo sì mọ̀ pé ó ti tán. Wọ́n yọ mí. Wọ́n ka orúkọ mi níwájú gbogbo ẹgbẹ́, pẹ̀lú iye tó wọlé sọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nínú ìjọ, wọ́n gbà á, ó sì tọ́ kí wọ́n gbà á. Òwò tí mo torí rẹ̀ jalè ò kúkú yè. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16 nígbà náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kò bú mi, kò na ìka sí mi. Ó kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá nínú ilé bí èèyàn ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ àga kọjá.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi tí mo jẹ ẹ̀sín, tí mo jẹ ẹ́ yó, tí mo sì wà láyé di òní tí mò ń kọ̀wé sí yín, mi ò fara mọ́ òwe yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí mo gbà á gbọ́ ju ẹsẹ Bíbélì lọ. Bí ìwọ tí ò ń ka èyí bá wà níbẹ̀ lónìí, jọ̀ọ́, má kà á síwájú mọ́. Dìde, kí o pe ẹnì kan. Bó bá sùn, jí i. Fi ẹnu rẹ sọ ọ́ pé, "Mò ń ronú àtipa ara mi," má fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ sọ ọ́. Jẹ́ kó wá jókòó tì ọ́, jẹ́ kó mú ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Lẹ́tà tèmi ò ní sá lọ.

Mo dárúkọ dókítà, mo sì mọ̀ pé àwọn kan á fajú ro. Ẹ ní sùúrù fún mi. Ẹ rántí Èlíjà, wòlíì tó pe iná sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19, ẹ ó bá a lábẹ́ igi kan nínú aginjù, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba ẹ̀mí òun. Kí ni Ọlọ́run ṣe? Kò wàásù fún un. Kò sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì jí i, ó gbé oúnjẹ àti omi fún un, ó jẹ, ó tún padà sùn, wọ́n sì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì kó jẹun, wọ́n ní nítorí pé ọ̀nà náà jìn fún un. Oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, oorun lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀rọ̀ kankan tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dá ara wa mọ̀ pé ara ń rẹ̀ wá. Bí oorun bá ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, bí oúnjẹ bá ti di pákó lẹ́nu rẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lọ rí dókítà, lo oògùn tó bá fún ọ, kí o sì máa gbàdúrà lọ. Àwọn méjèèjì kì í jà.

Ní tèmi, mo ṣe bí ẹni tó ti kú fún oṣù mẹ́ta. Àwọn ará ìjọ tó wá kí mi pín sí oríṣiríṣi. Àwọn kan sọ fún mi pé bí ilé ọba bá jó, ẹwà ló bù sí i. (Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún mi pé ẹ ò ní sọ òwe yẹn fún ẹni tí eérú ilé rẹ̀ ṣì gbóná. Ẹni tó kọ́ tuntun tán ló lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.) Àwọn mìíràn fi mí ṣe ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ wọn lójú mi. Àwọn tó pọ̀ jù ò wá rárá, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí ojú máa ń ti èèyàn láti wo ẹni tí ojú ń tì.

Ẹnì kan wá ní oṣù kẹrin. Bàbá àgbà kan ni, kò sí ipò kankan lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìjọ. Ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó wo òkè, ó rí i pé gílóòbù yàrá mi ti kú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti kú. Mi ò rí ìdí tí n ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó jáde láìsọ nǹkan. Nígbà tó padà dé, gílóòbù tuntun wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó gun àga, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń ṣe hàn-ìn bí àwọn arúgbó ṣe máa ń ṣe, ó yí ti àtijọ́ kúrò, ó yí tuntun sí i. Ẹ má sọ ọ́ di àkàwé fún mi o. Gílóòbù lásán ni. Mò ń sọ ọ́ nítorí pé òun ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ṣe fún mi ní gbogbo àsìkò yẹn tí kò ní ìwàásù nínú.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó, ó gbọn ọwọ́. A dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "O ti sọ fún Ọlọ́run?"

Mo ní, "Ọlọ́run ṣáà mọ̀."

Ó ní, "Mi ò bi ọ́ pé ṣé ó mọ̀. Mo ní, ṣé o ti sọ fún un."

Ó dìde, ó sì lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ohun tí mo ní í sọ fún yín nínú lẹ́tà yìí wà nínú ìbéèrè bàbá yẹn. Mo ti gbàdúrà fún oṣù mẹ́rin. Mo ti lo gbogbo èdè àdúrà tí mo mọ̀: "Baba, dárí àwọn kùdìẹ̀-kudiẹ mi jì mí." Kùdìẹ̀-kudiẹ! Bí ẹni tó kọsẹ̀ lójú ọ̀nà. Mò ń wọ aṣọ àlàáfíà fún ọgbẹ́ kí n tó gbé e lọ síwájú oníṣègùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tó sì ń pariwo ohun tí kì í ṣe ohun tó ń ṣe é, òun náà dákẹ́ ni.

Lóru ọjọ́ yẹn mo pa gílóòbù tuntun náà, mo jókòó sílẹ̀, mi ò tiẹ̀ kúnlẹ̀. Mo ní, "Mo sọ 1 di 7." Mo dúró díẹ̀. Mo sọ ọjọ́ tí mo ṣe é. Mo sọ iye rẹ̀. Mo sọ bí mo ṣe fi ìka nù ún. Nígbà tí ẹnu mi ti là báyìí, ohun tí mi ò rò pé ó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: mo sọ fún Ọlọ́run pé mò ń bínú sí i. Pé mo sìn ín láti kékeré, ó sì ń wò mí tí òwò mi fi rì. Pé ó yẹ kó ti dá mi lọ́wọ́ dúró nídìí tábìlì yẹn. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ síbí. Ẹ̀rù bà mí lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ tán, mò ń retí kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò gbọ́ ohùn, mi ò rí ìran. Mo sùn di òwúrọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí àṣírí ti tú. Ohun tí mo lè fi ṣe ẹ̀rí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì ní bu iyọ̀ sí i.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá rí i pé Bíbélì tí mò ń gbé kiri kún fún irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Sáàmù 88 ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú òkùnkùn ló sì parí sí. Kò sí "ṣùgbọ́n mo yìn ọ́" kankan ní ìparí rẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́, àwọn èèyàn Ọlọ́run gbà á, wọ́n sì fi í sínú ìwé orin wọn. Bí Ọlọ́run ò bá fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ ni, ibẹ̀ kọ́ ni à bá ti bá a.

Ẹ wá wo Ẹkún Jeremáyà. Ìwé orí márùn-ún péré ni. Ìlú ti jóná, tẹ́ńpìlì ti wó, àwọn ọmọ ń kú fún ebi lójú pópó. Nínú orí 3, ẹsẹ 18, ọkùnrin náà sọ gbangba pé ìrètí òun ti ṣègbé kúrò lọ́dọ̀ Olúwa. Gbogbo ènìyàn máa ń fò ó lọ sí ẹsẹ 22 àti 23, èyí tí a ń kọ sára ògiri: "Àánú Olúwa ni, tí àwa kò parun tán, nítorí ìrọ́nú-àánú rẹ̀ kò ní òpin. Ọ̀tun ni ní òròòwúrọ̀." Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín kí ẹ má fo ẹsẹ 18. Ẹnu kan náà ló sọ méjèèjì, kò sì ju ẹsẹ mẹ́ta lọ sí àárín wọn. Kò sí ohunkóhun tó yí padà nínú ìlú náà láàárín ẹsẹ mẹ́ta yẹn. Àwọn ògiri ò tíì dìde. Ó sọ pé ìrètí òun kú, ó sọ ọ́ sí etí Ọlọ́run, lẹ́yìn náà ló wá rántí àánú. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà kò parí pẹ̀lú ijó. Ìbéèrè àti ìrora ló fi parí ní orí 5. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ìrètí túmọ̀ sí pé o ò gbọ́dọ̀ sunkún mọ́, kò tíì ka ìwé yẹn dópin.

N ó sọ ọ̀rọ̀ kan báyìí kí n tó tẹ̀síwájú, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo yín ló fọ́ ara yín bíi tèmi. Àwọn kan nínú yín, ẹlòmíràn ló fọ́ wọn. Wọ́n lù ọ́, wọ́n fipá bá ọ lò, wọ́n jẹ ọ́ ní ìyà tí o kò mọwọ́ mọsẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn, àìsàn ni, tàbí ikú. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù rí ọkùnrin kan tí a bí ní afọ́jú, wọ́n bi í pé ta ló ṣẹ̀, ṣé òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀. Ó ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí agbádá rẹ̀ gùn tó, fi ìtàn ìrònúpìwàdà mi di ẹ̀bi tí kì í ṣe tìrẹ lé ọ lórí. Ohun tí ìwọ ní í sọ fún Ọlọ́run kì í ṣe "mo ṣẹ̀". "Wọ́n ṣe é sí mi" ni, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é. Kí o sì sọ ọ́ fún ẹni tó lè dáàbò bò ọ́ pẹ̀lú.

Ó kù síbi ọ̀rọ̀ Pétérù, èyí tó pẹ́ kó tó yé mi.

Ní alẹ́ tí wọ́n mú Jésù, Jòhánù 18 sọ fún wa pé òtútù mú, àwọn ìránṣẹ́ dá iná ẹyín, Pétérù sì dúró tì wọ́n, ó ń yá iná. Àgbàlá tí iná yẹn wà ló ti sẹ́ Olúwa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn àjíǹde, ní orí 21, wọ́n lọ pẹja, wọn ò rí nǹkan kan pa di òwúrọ̀. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n rí iná ẹyín létí òkun, ẹja wà lórí rẹ̀. Nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò fún iná náà kò sí níbòmíràn nínú gbogbo rẹ̀ ju ibi méjèèjì yìí lọ. Ẹ fojú inú wo Pétérù: omi ń kán lára rẹ̀, èéfín ẹyín kan imú rẹ̀. Òórùn máa ń rántí ju èèyàn lọ. Mo rò pé inú rẹ̀ bó. Níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ni Jésù ti bi í lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ìwọ fẹ́ràn mi bí?" Lẹ́ẹ̀mẹta tó sẹ́ ẹ, lẹ́ẹ̀mẹta tó bi í. Ìgbà kẹta, inú Pétérù bàjẹ́, Bíbélì sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ti máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú mi gba ọ̀nà mìíràn, kí n má rí yàrá yẹn mọ́ láyé. Kò gbọ́ àdúrà náà. Ẹgbẹ́ ní kí n máa san owó náà díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù, lọ́fíìsì wọn, nídìí tábìlì tí wọ́n ti ká mi mọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibẹ̀, òórùn ìwé àtijọ́ àti eruku tó kí mi ní ẹnu ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú mi. Ó lẹ́tọ̀ọ́. Ó kọ rìsíìtì, kò wò mí lójú. Mo jáde, mo di ọwọ́ mú igi lẹ́yìn ilé, mo bì.

Ọdún 11 ni mo fi san án. Ní nǹkan bí ọdún kẹta, mo ṣàkíyèsí pé mò ń gbàdúrà lójú ọ̀nà ibẹ̀ ju bí mo ṣe ń gbà á nínú ìjọ lọ. Ní ọdún karùn-ún, ẹni tó ń gba owó bi mí bí ìyàwó mi ṣe ń ṣe. Ibi tí mo ti fọ́ gan-an ni mo ti ń bá Ọlọ́run pàdé. Igbá tó bá fọ́, etí ibi tó ti sán náà la ti ń lu ihò sí i kí a tó lè rán an. Kò sí ẹni tó ń rán igbá láti ibi tó ti dára.

Kí ó má baà di àṣìlóye: mi ò sọ pé kí ẹni tí wọ́n ń lù padà sọ́dọ̀ ọwọ́ tó lù ú. Ibi tó ti fọ́ kì í ṣe ilé ẹni tó fọ́ ọ. Nígbà mìíràn ó lè jẹ́ yàrá dókítà tí o ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ àìsàn rẹ, tàbí ìdánwò tí o ti fìdí rẹmi, tàbí orúkọ òkú tí kò sí ẹni tó ń dá a nínú ilé yín mọ́. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó sì jẹ́ pé ẹ̀rù ṣì ń bà, kó dúró ná. Láàárín ìgbà tí Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀ sí òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo tí mo rí pé ó ṣe dáadáa ni pé kò kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ṣì ń bá wọn jókòó, ó ṣì ń bá wọn wọkọ̀. Júdásì náà kẹ́dùn, Mátíù orí 27 sọ bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ dá owó padà. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló gbé ẹ̀dùn rẹ̀ lọ. Má ṣe dá gbé e.

Ẹ rántí ọmọkùnrin kan tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Nínú lẹ́tà kan tó kọ ní 1837, òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun rò ó lóru láti pa ara òun, ìgboyà ni kò tó. Ní 1822 àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn tó kù sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Samuel Àjàyí Crowther ni. Lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ní 1846, ìyá àti ọmọ tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta, lórí ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ti kó o lẹ́rú. Èdè tó fi sunkún lóru ọjọ́ yẹn náà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ Bíbélì di ohun tí ìwọ àti èmi lè kà. Nígbàkúùgbà tí mo bá ṣí Sáàmù 34, tí mo ka ẹsẹ 18, "Olúwa ń bẹ létí ọ̀dọ̀ àwọn tí í ṣe oníròbìnújẹ́ ọkàn," mo máa ń rántí ọmọ yẹn lóru rẹ̀. Kò mọ ohun tó wà níwájú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ló sì kọjá kó tó rí ìyá rẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ràn nínú bí a ṣe ń jẹ́rìí láàárín ara wa. A kì í gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ẹni tó ṣì wà láàárín odò. Ó di ìgbà tó bá gòkè, tó gbẹ, tó wọ aṣọ funfun, kí a tó ní kó wá sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Nítorí náà ìwọ tí omi mu dé ọrùn á máa rò pé ìwọ nìkan ni. Pọ́ọ̀lù gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀gún inú ara rẹ̀ kúrò, kò kúrò. Ìdáhùn tó gbà ni pé, "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gún náà lára rẹ̀. Ẹ máa jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fún ara yín, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì péré lẹ wà nínú yàrá kan.

Ẹ ó béèrè nípa ọmọ mi. Ọdún mẹ́fà ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún Ọlọ́run, láìfi bò. Ó gbọ́, ó dìde, ó jáde. Lẹ́yìn èyí mi ò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ní ọjọ́ kan ó wọlé, ó ń wá nǹkan káàkiri, ó yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, kọ́kọ́rọ́ dà?" Mo na ọwọ́ sí ibi tó wà. Ó mú un, ó lọ. Mo jókòó síbẹ̀ tí mò ń sunkún bí ọmọdé nítorí kọ́kọ́rọ́.

Títí dòní, kì í bá mi sọ̀rọ̀ owó, kì í sì í fi owó rẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ mi. Mi ò bínú sí i. Àwọn nǹkan kan wà tí Ọlọ́run ti dárí jì tí èèyàn ṣì ń bá yí, ọjọ́ ọ̀la ló kù fún ìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méje gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ wá bá mi. Olùkọ́ ti fa igi sí ibì kan nínú rẹ̀. Ó ti kọ 1, ṣùgbọ́n ó fi fìlà lé e lórí, ó wá dà bíi 7. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ wò ó, oókan ni mo kọ, wọ́n ní eéje ni." Mo wo ìlà kékeré yẹn. Mo gbójú sókè, bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fara ti férémù, ó ń wò wá.

Mo fún ọmọ náà ní rọ́bà ìpàwérẹ́. Mo ní kó pa á rẹ́ tán, kó tún un kọ, kó jẹ́ kó dúró gbọnrangandan. Ó fi ahọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ń kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bàbá rẹ̀ wọlé, ó fa àga, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Èmi ni,
Bàbá yín